Ẹ Yéé Da Òkúta Sínú Kẹ́ẹ̀gì: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Gbin Ẹ̀fọ́ Sínú Ike Àlòkù

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ l'Óṣogbo, ẹ̀yìnkùlé á kún fún kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n là, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àti garawa tó ti jò. Kó tó di oṣù Keje, púpọ̀ nínú wọn ti di ilé ẹ̀fọn. Owó ajílẹ̀ àti oògùn tí wọ́n ti ná sí i ló ń dunni, nígbà tó jẹ́ pé irin gbígbóná kan tí wọ́n á fi lu ihò ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́.

Èkíní, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ike kí ẹ tó sanwó. Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko, ti ásíìdì bátìrì àti ti ọ́ìlì ọkọ̀ kò ṣe é gbin ohun jíjẹ sí, ì báà ṣe ọgọ́rùn-ún ìgbà lẹ fọ̀ ọ́. Òṣogbo ìlú aró sì la wà: ike táwọn alàdìrẹ fi po kọ́sítíìkì mọ́ aró pọ̀ nígboro, wọn kì í sì í wọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà olómi dára, tí ọ̀dà bá ti gbẹ tẹ́ ẹ sì bó o kúrò. Ti ọ̀dà olóròóró kò dára.

Èkejì, ihò. Ẹyọ kan láàárín ìdí kò tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 ń fẹ́ ihò mẹ́jọ tó tóbi tó pẹ́ńsù: mẹ́rin ní ìdí, mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìwọ̀n ìbú ìka kan sókè láti ìdí, torí ìdí ike máa ń lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, omi ò sì ní ríbi gbà. Ẹ fi irin gbígbóná lu ú ní gbangba, kí èéfín rẹ̀ má bàa wọ̀ yín nímú. Ìṣó tútù àti òòlù á la ike ni. Ti agolo yàtọ̀: inú ni kí ẹ ti kan ìṣó sí òde, kí etí ihò má baà yọ sókè sínú, kó wá máa dá omi dúró.

Ẹ̀kẹta, òkúta wẹ́wẹ́. Ta ló kọ́ wa ní èyí gan-an? Wọ́n á ra òkúta, wọ́n á dà á sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní kí omi lè rí ọ̀nà jáde ni. Omi kì í fi yẹ̀pẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa dúró sí ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti pàdé òkúta, títí yẹ̀pẹ̀ á fi mu ún yó, kó tó máa kán. Ẹ mú fóòmù ìfọbọ́, ẹ rì í sínú omi, ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ títí kò fi ní kán mọ́. Ẹ wá gbé e nàró: omi á tún máa dà. Bí omi ṣe ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ fóòmù yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ ṣe wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ike. Bí yẹ̀pẹ̀ bá jìn, gbòǹgbò á rí àyè lókè ẹrẹ̀ náà. Bí ẹ bá da òkúta sẹ̀ǹtímítà 10 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 35, ẹ ti gbé ẹrẹ̀ náà wá ká gbòǹgbò mọ́lé. Ewé á pọ́n, ẹ ó ní ebi ló ń pa á, ẹ ó da ajílẹ̀ sí i. Gbòǹgbò tó ti ń jẹrà á wá kú pátápátá. Lẹ́yìn náà ẹ ó lọ ra oògùn kòkòrò, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀! Tó bá jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ ni ẹ ò fẹ́ kó jò, ẹ tẹ́ àwọ̀n fèrèsé tó ti ya sórí ihò. Kí ẹ kó òkúta sábẹ́ ike, kó fi kúrò nílẹ̀.

Òkúta ti jẹ́ kí òǹkà dàrú, ẹ má bínú.

Yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n wú níbi ìpìlẹ̀ ilé á dì bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ po ilẹ̀dú ìpín méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ìpín kan, ṣáápù sáǹdì ìpín kan. Kì í ṣe iyanrìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri o. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ bò ó fún nǹkan bí oṣù méjì, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí kò fi ní rùn tàbí gbóná mọ́.

Ẹ má da yẹ̀pẹ̀ kún ike dẹ́nu.

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ń fẹ́ yẹ̀pẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì tí a dà dùbúlẹ̀ fi bá wọn mu. Ata kan, lítà 10. Tòmátì kan, lítà 20. Ẹyọ kan ni mo wí, kì í ṣe mẹ́ta. Agolo mílíìkì kò kọjá ibi tí a ti ń hu ọmọ ata.

Garawa onírin nínú oòrùn oṣù Kejì á se gbòǹgbò. Ẹ gbé e síbi tí òjìji ń dé lọ́sàn-án.

Abọ́ tí ẹ gbé sábẹ́ ike, ẹ máa da omi rẹ̀ nù lójoojúmọ́. Tí ẹ bá sì ti ká tòmátì tán, ẹ má gbin ata tàbí ìgbá sínú yẹ̀pẹ̀ yẹn. Ìdílé kan náà ni wọ́n, àìsàn tó ń mú kí tòmátì rọ lójijì máa ń sá pa mọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, á sì mú àwọn náà. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fọ́n sí i.