Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ẹ́ńjìnnì àti Ohun Èlò Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ́wọ́ Olè

Ẹni tí olè ti jà rí ní èbúté mọ ohun tí ojú máa ń kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà: ìdí ọkọ̀ á ti gbé sókè lórí omi ju bó ṣe wà lálẹ́ lọ, nítorí pé ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ọkọ̀ tèmi láàárọ̀ ọjọ́ kan létí ọ̀sà Èkó. Ṣéènì tí mo fi de ẹ́ńjìnnì náà kò já, àgádágodo rẹ̀ kò sì ṣí. Pákó ìdí ọkọ̀ ni wọ́n fi ayùn gé lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì lọ tòun ti ṣéènì, ti àgádágodo àti ti ègé pákó tí mo fi wọ́n dè mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a de ẹrù mọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó náwó lórí ohun tí a fẹ́ fi dè é.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni pé olè èbúté kì í sábà gba orí ilẹ̀ wá. Ojú omi ló ń gbà, nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà láìtan iná, lóru tí òṣùpá kò sí tàbí nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ìró ayùn. Nítorí náà, géètì àti ọgbà tí a ṣe sí ẹ̀gbẹ́ títì kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni àkókò. Ẹrù tí yóò gbà á ní ìdajì wákàtí kó tó tú kò wù ú bíi ti ọkọ̀ aládùúgbò tí yóò tú ní ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ohun tó bá ṣeé gbé, ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 15, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tí àwọn apẹja wa ń lò jù, wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 36, ènìyàn méjì sì lè gbé e láìlàágùn. Yamaha 40 kọjá kílò 70, òun ni kò rọrùn láti máa gbé lójoojúmọ́. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lóòró kí omi inú rẹ̀ ṣàn tán. Bó bá sì jẹ́ irú èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ìwé ìlò rẹ̀ bá sọ nìkan ni kí ẹ fi í lélẹ̀ lé, torí bí ẹ bá ṣì í gbé, ọ́ìlì ìdí rẹ̀ á ṣàn wọ ibi tí kò yẹ, yóò sì kọ̀ láti tan lọ́jọ́ kejì.

Ẹ kó táǹkì epo, bátìrì, àjẹ̀ àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì kúrò pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fojú kéré rọ́bà epo tó ní bọ́ọ̀lù tí a ń fọwọ́ fún, nítorí olè tètè ń yọ ọ́, ó sì ń wọ àpò. Ní ti okùn pupa kékeré tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́, òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì kì í tan bí a bá yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ lè fi okùn lásán wé ìdí bọ́tìnnì tí okùn pupa náà ń wọ̀ lára ẹ́ńjìnnì kó sì tan án. Ẹ yọ ọ́, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ́ńjìnnì tí yóò sun ìdí ọkọ̀ ló ń fẹ́ iṣẹ́ jù. Síkúrù ńlá méjì tí a ń fi ọwọ́ yí ló ń di ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kéékèèké mú, ẹnikẹ́ni sì lè tú u láìlo sípánà. Irin oníhò gbọọrọ kan wà tí a ń ti bọ ọwọ́ síkúrù méjèèjì, tí a sì ń tì pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má lè yí mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n kò dí ayùn lọ́wọ́ lára pákó. Ohun tí mo wá ṣe nígbà tí mo ra òmíràn nìyí: mo ní kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ méjì tó fẹ̀ tó ìdí ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, kí pákó wà láàárín wọn. Bóòtù mẹ́rin ló la irin méjèèjì àti pákó já gba inú ihò tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ibi tí a lu ni a fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀ dí yíká, nítorí omi tó bá ráyè wọ inú pákó yóò mú un jẹrà, olè kò sì ní nílò ayùn mọ́. Àwọn kan máa ń ní kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù pátápátá. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá nílò àtúnṣe, ẹ̀yin àti mẹkáníìkì ni yóò jìyà rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti àgádágodo, omi iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá ń wọlé, irin lásán sì lè dípẹtà débi tí kọ́kọ́rọ́ olówó rẹ̀ gan-an kò ní ṣí i. Ẹ ra èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ idẹ tí ọrùn rẹ̀ sì jẹ́ irin líle, kí ọrùn náà kúrú kí ẹnu ayùn má lè ráyè wọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa kán ọ́ìlì sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ti ṣéènì bọ inú rọ́bà omi àlòkù, kó má baà máa ha ara ọkọ̀.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá sí ohun tó dì í mú ju okùn lọ, olè á gé okùn, á wa gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi tí kò sí ojú, á sì tú ẹ́ńjìnnì ní ìrọ̀rùn. Ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ òpó tí a rì jinlẹ̀, láàárín ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn, kó má ṣe dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná sólà tó kọjú sí omi wúlò ju èyí tó kọjú sí ilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì pawọ́ pọ̀ gba ọlọ́dẹ, ẹ jẹ́ kó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lóru.

Ẹ da nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín kọ láti ara àwo kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rísíìtì sílé, kì í ṣe sínú ọkọ̀. Nítorí pé olè lè ha àwo náà kúrò, ẹ fi irin mímú kọ lẹ́tà orúkọ yín sí ibi méjì mìíràn, ọ̀kan lábẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Ẹ kun ìbòrí náà ní ọ̀dà tí kò wọ́pọ̀. Ti èmi jẹ́ àwọ̀ ọsàn, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí i níbòmíràn tí kò ní béèrè bí ó ṣe débẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má lépa wọn lóru, nítorí a kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú nọ́ńbà náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní àwọn èbúté tó yí yín ká, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ẹni tó bá ra ẹrù náà yóò gbé e lọ nígbà tó bá bàjẹ́.