Disc golf ní pápá tí igbó ti gbà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ju disc golf (eré tí a ti ń ju disc, àwo ike pẹlẹbẹ, sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n irin) ní Maryland ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ kú ooru yìí o. Pápá tí wọn kò gé koríko rẹ̀ mọ́ yẹn ṣì ṣeé ṣeré, kì í tilẹ̀ sí èrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi disc aláwọ̀ ewé sílẹ̀ nílé. Èyí tó pupa fòò ni kí ẹ mú, ògbólógbòó tí kò ní dùn yín bó bá sọnù.

Kí ẹnì kan lọ dúró lápá kan níwájú, kó máa wo ibi tí disc bọ́ sí. Ìṣẹ́jú 3 péré ni òfin PDGA (ẹgbẹ́ tó ń darí eré yìí) fún wa láti fi wá disc, koríko ọ̀hún sì ti dé orúnkún.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Eégbọn ibẹ̀ lè kó àrùn Lyme ran èèyàn. Tí ẹ bá délé, ẹ yẹ abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún wò.

Poison ivy ńkọ́? Ewé mẹ́ta-mẹ́ta ni, àbúrò wérépè ni mo máa ń pè é. Èmi ò fọwọ́ kàn án o. Disc mi ló gba inú ẹ̀ kọjá. Mo mú un, mo nu ojú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ojú mi ti wú bíi búrẹ́dì. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ disc yín, kí ẹ tó fọwọ́ kan ara.

Bí apẹ̀rẹ̀ tí a ń ju disc sí kan ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ mú igi kan dípò rẹ̀.