Bí Mo Ṣe Ya Ọmọ Tó Ń Sùn Lórí Àdìrẹ

Ẹni tó la ojú sílẹ̀ rọrùn yà ju ẹni tó di ojú lọ. Ojú lèèyàn kọ́kọ́ ń wò nínú àwòrán. Bí ẹyinjú bá ti bọ́ síbi tó yẹ kó wà, tí ayàwòrán sì fi ìmọ́lẹ̀ tóńtó kan sórí dúdú rẹ̀, àwòrán ti ń mí nìyẹn, kódà bí etí kan gùn ju ìkejì lọ. Tí ojú bá wà ní dídì, ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè, ọrùn àti ìka. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè dáhùn nígbà tí obìnrin kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn ní kí n bá òun ya ọmọkùnrin òun, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, níbi tó ti ń sun oorun ọ̀sán. Ó ní, "Bọ̀dá, ìgbà tó bá sùn nìkan ni mo máa ń ráyè wo ojú ẹ̀."

Màmá tó bí bàbá ọmọ náà ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. "Kí ló dé tí o ò ní yà á níbi tó ti ń ṣeré? Ìwọ ti rí ère tó di ojú rí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ère ìbejì, tó jẹ́ pé torí ọmọ tó ti padà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ máa ń là rangandan ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde n'Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 náà, wọ́n lajú. Ẹ̀rù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ màmá ò fara sin: ta ló fẹ́ gbé àwòrán ọmọ tó dákẹ́ kọ́ sára ògiri pálọ̀, kí àlejò wọlé kó wá máa kí i kú àmúmọ́ra? Mo sọ fún un pé, "Màmá, mo gbọ́. Tí mo bá parí ẹ̀, tí ẹ ò bá rí èémí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n san owó tó kù fún mi." Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ìdajì owó ni mo tíì gbà.

Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé èémí ni mo fẹ́ yà.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Oòrùn kì í gba fèrèsé yàrá náà wọlé tààrà, èyí tó dára fún iṣẹ́ wa torí ìmọ́lẹ̀ ò ní máa sáré kiri ara ògiri. Àmọ́ bí wọ́n ṣe tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ ọmọ ló wà lápá fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ọ̀nà ẹsẹ̀ wá, abẹ́ àgbọ̀n àti inú ihò imú ló máa ń là, ojú á wá dà bí ti iwin. Mo ní kí wọ́n yí mátírẹ́ẹ̀sì náà padà, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ orí bọ̀. Báyìí, iwájú orí á gba tirẹ̀, ibi tí ìpéǹpéjú ti wú á gba díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á sì ṣókùnkùn wẹ́rẹ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mo máa sọ tó bá yá, ó kan etí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló tẹ̀ lé e. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọmọ náà ń sùn, lórí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun. Lọ́dún 1872, Berthe Morisot, obìnrin ayàwòrán ará Faransé, ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Edma níbi tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó ń sùn. Àwòrán náà wà ní Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, títí dòní. Aṣọ fẹ́lẹ́ funfun ló bo ibùsùn ọmọ yẹn, inú rẹ̀ la ti ń rí ojú ọmọ fírífírí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, ó sì ṣe mí bíi kí n fi nẹ́ẹ̀tì wa dá irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ funfun lórí ẹni tó di ojú, ibì kan ṣoṣo lọkàn èèyàn ń lọ. Mo bá ní kí wọ́n ká nẹ́ẹ̀tì sókè, kí wọ́n sì wá aṣọ mìíràn.

Ìyá ọmọ kọ́kọ́ mú ańkárá kan wá, òdòdó pupa àti ìyeyè ló kún inú rẹ̀. Aṣọ yẹn á bá ara ọmọ du ojú èèyàn. Màmá fúnra rẹ̀, tó ṣì ń bínú, ló lọ inú àpótí, ó gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan jáde, Ìbàdàndún, irú èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí kó tó wọ inú aró. Òpó Gbọ̀ngán Mápó wà lórí rẹ̀ ní ìtò-nítò. Aró rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, kò dán mọ́, ó rọ̀. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Àwọ̀ aró tutù, àwọ̀ ara wa gbóná. Tí ẹ bá tò wọ́n ti ara wọn, ara ọmọ á dà bíi pé iná fẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, láì jẹ́ pé ẹ fi kún ọ̀dà rẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ ya ọmọdé lójú oorun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ò ní dúró dè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa yí, á máa ta ẹsẹ̀. Tí oorun bá wá wọra, ọwọ́ á dẹ̀, ẹnu á là díẹ̀, èèyàn á rí bí ìṣẹ́jú mélòó kan tí kò ní mira. Mi ò fi ìwé kan ṣoṣo dúró de àkókò yẹn. Páálí ńlá kan ni mo gbé lé itan, mo fi èédú bẹ̀rẹ̀ ojú kan ní igun rẹ̀. Bí ó bá yí, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Bí ó bá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ (ọmọdé kì í pẹ́ padà, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn), mo padà sórí ti àkọ́kọ́. Nígbà tó fi jí, páálí ti kún fún ojú, imú àti ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ti dúró.

Èyí tó dúró náà, ẹ̀gbẹ́ ló fi sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wà nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì di etí àdìrẹ tó ká bo ikùn rẹ̀ mú. Mi ò tún ọwọ́ yẹn tò. Ìka tí wọ́n tẹ́ tààrà, tí wọ́n gbé lé àyà, ìka tí ẹlòmíì tò ni, ojú sì ń mọ̀ ọ́n. Ìka ẹni tó sùn fúnra rẹ̀ máa ń ká dé ìdajì, àtàǹpàkò á yà sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá wà níbẹ̀. Ẹyinjú àgbàlagbà wà ní àárín gbùngbùn orí, láti àtàrí dé àgbọ̀n. Ti ọmọdé wà nísàlẹ̀ àárín, torí agbárí rẹ̀ ti tóbi nígbà tí àgbọ̀n àti imú ò tíì dàgbà. Ẹ gbé ẹyinjú ọmọ sókè díẹ̀ péré, ẹ ti ya arúgbó kékeré nìyẹn. Ìṣòro tún ni pé ọmọ tó dùbúlẹ̀, tí ẹni tó ń yà á sì jókòó sókè orí rẹ̀, gbogbo ìwọ̀n yẹn á sún kì: iwájú orí á gba ibi tó pọ̀, àgbọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ sá lọ. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí lọ́dún 1882, tó jẹ́ aṣáájú gbogbo àwa tó ń fi ọ̀dà ya ojú èèyàn ní Nàìjíríà, kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀kọ́ bí nǹkan ṣe ń kéré tó ń sún kì lójú ẹni tó ń wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ń pè é ní Mr Perspective. Àwòrán Mrs Spencer Savage tó yà lọ́dún 1906 ti jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, bẹ́ẹ̀ 1920 ló tó lọ kàwé iṣẹ́ ọnà ní London. Èmi máa ń dorí páálí kodò kí n tó gbà pé ojú wà níbi tó yẹ. Tí ojú bá ti dorí kodò, èèyàn ò rí ọmọ mọ́, ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí, àṣìmú á sì yọ síta.

Ìpéǹpéjú ló gba sùúrù mi jù. Ọ̀pọ̀ máa ń fa ìlà kan gbọọrọ, wọ́n á wá to irun sí i. Ẹyinjú wà lábẹ́ ibẹ̀, ó sì rí rogodo. Ìlà tí ìpéǹpéjú òkè àti ìsàlẹ̀ fi pàdé gbọ́dọ̀ wọ́ gba orí rogodo yẹn kọjá, kó tẹ̀ sísàlẹ̀. Irun ibẹ̀, mi ò yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú rírọ̀ kan ni, tó nípọn díẹ̀ lápá ìta.

Mo fi fóònù ya fọ́tò pẹ̀lú, láìtan iná rẹ̀. Bí aṣọ ṣe ká nìkan ni mo lò ó fún. Ara dúdú ṣòro fún fóònù: ibi tí ojú mi ti ń rí pupa rẹ́súrẹ́sú àti elésè àlùkò nínú òjìji, dúdú biribiri ni fóònù ń kó síbẹ̀.

Ọjọ́ kan tí iná lọ, tí fáànù dúró, ni mo rí ohun tí mò ń wá. Òógùn yọ wínníwínní lókè ètè ọmọ náà, ọ̀kan rọra dúró ní ẹ̀gbẹ́ imú. Ìyá rẹ̀ ti mú aṣọ kó nù ún. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí, ó wá fi aṣọ náà fẹ́ ara tirẹ̀.

Kánfáásì tí mo lò jẹ́ ínǹṣì 20 sí 16. Mi ò bẹ̀rẹ̀ lórí funfun. Mo fi burnt sienna, ọ̀dà pupa bí ilẹ̀, tí mo ti fi tọ́pẹ́ńtáìnì là pa gbogbo rẹ̀ láró, kí ìgbóná lè wà nísàlẹ̀ ohunkóhun tí mo bá fi lé e. Ọ̀dà tí mo tẹ̀ jáde ò pọ̀: funfun titanium, yellow ochre (ìyeyè bí amọ̀), burnt sienna, burnt umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn), ultramarine (búlúù) àti alizarin crimson (pupa). Mi ò ra dúdú. Ultramarine àti burnt umber tí a bá pò, dúdú tó ní ẹ̀mí ló ń di. Dúdú inú túùbù máa ń pa ara èèyàn kú.

Ìpele àkọ́kọ́, tọ́pẹ́ńtáìnì ni mo fi là á, ó ṣàn. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló gba òróró linseed, òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ orí okùn ṣe ń gbẹ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà mọ́ra tó fi ń le. Èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ ló ń pẹ́ jù. Tí ẹ bá gbé e sísàlẹ̀, tí tòkè sì ti gbẹ, tìsàlẹ̀ á ṣì máa mira, tòkè á sì sán. Burnt umber tètè ń gbẹ, torí èròjà kan tó ń jẹ́ mánganíìsì tó wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi í to òjìji sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ara ọmọ, burnt sienna àti ochre ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀, mo fi ultramarine kíún pa á. Òjìji gba umber àti crimson. Ibi ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ara dúdú jẹ́: wọ́n á kó funfun àti ìyeyè sí i, á dà bí ẹni tó fi ẹfun kunra. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé, ojú ọ̀run ló ti wá, ó ní búlúù nínú. Funfun tí mo fi ultramarine díẹ̀ sí ni mo fi kan iwájú orí rẹ̀, ó sì dán bí ara tí wọ́n fi òrí pa.

Ẹ̀jẹ̀ ló kù. Ó máa ń hàn ní ìka, ètè, etí ihò imú, àti pàápàá etí. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ orí bọ̀ yẹn, ó gba inú etí ọmọ náà kọjá, etí sì pọ́n dẹ̀dẹ̀. Crimson àti sienna láìsí funfun ni mo fi síbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo nínú àwòrán náà nìyẹn tó pọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí, mo mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, mo fi gbá etí gbogbo nǹkan kó má mú ṣáṣá: ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọnú àdìrẹ, irun wọnú òjìji. Àárín ètè méjèèjì àti ihò imú nìkan ni mo jẹ́ kó mú, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nílẹ̀ ti ti ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ẹ̀kán funfun kan sígun rẹ̀, itọ́ nìyẹn. Òpó Mápó tó gba orí ikùn kọjá, mo tẹ̀ wọ́n kọrọdọ, kó hàn pé nǹkan ń gbé aṣọ sókè.

Nígbà tí mo gbé e lọ, màmá ò sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó bọ gíláàsì, ó tún un wọ̀, ó wá ní, "Ẹ ẹ̀ rí ọkọ mi, ó ti da itọ́ sí àdìrẹ mi." Wọ́n san owó tó kù lọ́jọ́ náà.

Mi ò tíì fi fáníìṣì sí i. Ó máa ń tó oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ó lé, kí ọ̀dà tó gbẹ dénú. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má kọ́ ọ síbi tí oòrùn ti ń kàn án tàbí tí èéfín ìdáná ti lè bá a, kí wọ́n má sì fi ọ̀rá wé e. Tí eruku ọyẹ́ bá bò ó kí n tó padà wá, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí wọ́n fi gbá a. Wọn ò gbọdọ̀ fi aṣọ tútù nù ún.