Bí Mo Ṣe To Ìtàn Ìdíje Tẹ́níìsì Èkó Ọdún 1976 Jọ

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní tẹ́níìsì nírọ̀lẹ́ níbí ní Òṣogbo kì í yé bi mí bóyá àwọn ìlúmọ̀ọ́ká inú eré yìí ti wá gbá a rí ní Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé Arthur Ashe, ọmọ Amẹ́ríkà, wá sí Èkó ní 1976, ọdún kan lẹ́yìn tó gba ife Wimbledon, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ n kò fẹ́ kó jẹ́ ìtàn a-gbọ́-sọ lásán. Mo ní màá wá a jinlẹ̀, màá sì kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù kan tí ọmọdé lè kà tán kó tó bọ́ sórí pápá.

Àkọsílẹ̀ èsì ìdíje ni mo kọ́kọ́ tú wò. World Championship Tennis, tí wọ́n ń pè ní WCT, ló ṣètò ìdíje náà. Lamar Hunt, ọlọ́rọ̀ kan ní Dallas, ló ń náwó sí ẹgbẹ́ yẹn. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń kó àwọn tó ń fi tẹ́níìsì jẹun kiri, àwọn tí máàkì wọn bá sì pọ̀ jù á wá pàdé ní Dallas. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, ó kan Èkó, lórí pápá amọ̀, ní Lagos Lawn Tennis Club ní Oníkan. Ashe wà níbẹ̀, Stan Smith wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Dick Stockton àti Jeff Borowiak.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́ mi lẹ́sẹ̀ nìyí: àkọsílẹ̀ ní Stockton ló gba ife Èkó, ó na Ashe 6–3, 6–2. Àmọ́ Caracas, ní Venezuela, ni wọ́n ti gbá àṣekágbá yẹn. Báwo ni ìdíje Èkó ṣe dé Caracas?

Mo fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lóṣù yẹn sí i, ọjọ́ tẹ̀ lé ọjọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, Ọ̀gágun Murtala Mohammed kéde ìpínlẹ̀ tuntun; ọjọ́ yẹn ni Òṣogbo wa kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 13, ọjọ́ Ẹtì, Dimka, ọ̀gá ṣọ́jà kan, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n yìnbọn pa Murtala nínú mọ́tò rẹ̀ ní Ìkòyí. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé Ìkòyí kò jìnnà sí Oníkan rárá.

Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá kan lọ ní Òkè-Fíà, ẹni tó ti ń gbá tẹ́níìsì kí wọ́n tó bí mi. Mo kí wọn tán, mo béèrè. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, orin ológun ni rédíò ń kọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ń yí bọ́tìnnì kiri, mo rò pé rédíò mi ló bàjẹ́.” Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ìka wọn ń yí lórí apá àga, bí ẹni pé bọ́tìnnì náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìdìtẹ̀ náà kò yọrí, Ọbásanjọ́ gorí oyè, ìjọba sì ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣọ̀fọ̀. Inú ọ̀fọ̀ yìí ni wọ́n ti ń bá ìdíje lọ. Ashe àti Borowiak ń gbá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ṣọ́jà ya wọ pápá tìbọn-tìbọn, wọ́n ní kí wọ́n dá a dúró. Ẹnu wọn le, àmọ́ èmi kò lè dá wọn lẹ́bi tán: olórí ìlú kú, òkú rẹ̀ kò tíì tutù, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù gba owó. Báyìí ni àwọn àlejò ṣe kúrò nílùú, tí ìyókù fi di ti Caracas. WCT kò sì gbé ìdíje náà padà wá mọ́.

Lójú tèmi, ẹni tó bá kọ “Èkó” nìkan sí iwájú orúkọ Stockton ti jẹ́ kí ìdajì òótọ́ bọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo kọ sórí kádíbọ́ọ̀dù ni: “Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Oníkan, ìbọn dá a dúró, wọ́n parí rẹ̀ ní Caracas.” Mo fi Nduka Odizor kún un nísàlẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tó ti pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ ní Wimbledon 1983 kó tó na Guillermo Vilas, ìlúmọ̀ọ́ká ará Argentina. Ibẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ máa ń kà léraléra.

Àwọn ìdíje Challenger, ìyẹn ìdíje tí ipò rẹ̀ kéré sí ti àwọn ìdíje ńlá, tí wọ́n gbá ní Èkó lẹ́yìn ìgbà náà ló kàn mí báyìí. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá tọ́jú ìwé ètò ìdíje kankan pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a jáde kí eku tó rí i.