Ẹ yé yọ káàdì lára Pi nítorí fáìlì
Ẹ̀yin èèyàn mi, scp, àṣẹ tí a fi ń kó fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ti wà nínú Windows 10 àti 11. Ẹ lè fi kó fáìlì lọ sórí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré yẹn) láìyọ káàdì ìrántí rẹ̀ rárá. Ẹ fi sudo raspi-config tan SSH (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbà wọlé látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lórí Pi, kí ẹ sì tẹ hostname -I láti mọ àdírẹ́sì rẹ̀. Ó kù kí ẹ ṣí PowerShell (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) lórí Windows:

scp aworan.jpg ade@192.168.1.20:

Ẹ fi orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sórí Pi àti àdírẹ́sì Pi tiyín rọ́pò ade àti 192.168.1.20 o. Tó bá jẹ́ odidi fódà, ẹ fi -r tẹ̀lé scp.

Ẹ dákun, ẹ ṣọ́ kólọ́ọ̀nù (:) ìparí yẹn dáadáa! Tí ẹ bá fò ó, scp ò ní bínú, kò sì ní kìlọ̀: á kàn ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí Windows níbẹ̀, á sọ ọ́ ní ade@192.168.1.20, ẹ ó sì máa wá a kiri lórí Pi.