Ó Jọ Ọ́, Àmọ́ Kò Wọ̀ Ọ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere Ní Èkó

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti ń lọ sókè, mo sì ń rí ojú tuntun lórí kẹ̀kẹ́ ológeere láàárọ̀, láti Yábà dé Ojúẹlẹ́gba. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí wọn. Àmọ́ mo tún máa ń rí wọn lẹ́bàá títì lọ́sàn-án, wọ́n ti dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ṣéènì ti já tàbí túùbù ti bẹ́, òòrùn sì ń pa wọ́n. Ibì kan náà ni púpọ̀ nínú wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀: a rí ohun tó jọ tiwa lórí àtẹ, a ní "èyí á wọ̀ ọ́," a sanwó, a gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ táyà ló burú jù. Ẹ má ṣe sọ fún ẹni tó ń tà á pé 26 lẹ̀ ń wá, ìyẹn ìwọ̀n táyà ní ínṣì, kí ẹ wá dákẹ́. Mo ti ṣe é rí. Ọmọkùnrin tó ta tèmi ní, "Ẹ̀gbọ́n, 26 náà rèé, ẹ wò ó lára rẹ̀." Òótọ́ ló sọ, 26 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, táyà náà wọlé wẹ́rẹ́, mi ò lo irin kankan, ọwọ́ lásán ni mo fi tì í. Mo ní orí mi ṣe é. Bí mo ṣe ń pọ́ǹpù ni túùbù rọra ń yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láàárín táyà àti rímù. Ó wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí pọ́ǹpù, ó ti bẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé 26 × 1⅜ àti 26 × 1.75 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ wo ara táyà dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà kékeré kan tí dáàṣì pín sí méjì. Lára èyí tó fẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ òkè máa ń lò, ẹ lè bá 47-559. Lára 1⅜, 37-590. Nọ́ńbà kejì yẹn ló ń sọ bí ojú ibi tí táyà ti ń jókòó lórí rímù ṣe fẹ̀ tó láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ní mìlímítà. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 31, ìdí rèé tí táyà 590 tí mo rà fi wọlé wẹ́rẹ́ sórí rímù 559 mi. Kẹ̀kẹ́ gíga tí àwọn bàbá wa ń gùn, èyí tí wọ́n ń kọ 28 × 1½ sí lára, 635 ni tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ eré tó ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́, 622 ni, bẹ́ẹ̀ ẹ ó bá 28 lára àwọn kan nínú wọn náà. Nítorí náà, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi fóònù ya àwòrán nọ́ńbà ara táyà tó ti gbó. Àwòrán yẹn ni kí ẹ fi han ẹni tó ń tà á.

Tí ẹ bá ti rí èyí tó wọ̀ ọ́, ẹ má gbé e fún fọgánáísà kí ẹ wá yíjú síbòmíràn. Ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tírélà ló fẹ́ fi bá yín fẹ́ ẹ. Ẹnu túùbù tó bá dà bíi ti mọ́tò á gbà á, àmọ́ inú túùbù kẹ̀kẹ́ kéré, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló fi máa kún àkúnjù. Iye PSI, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́, tí táyà ń fẹ́ wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn a sì fi 30 sí i bíi ti mọ́tò, èyí tó kéré jù fún táyà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ já sí kòtò kan báyìí, rímù á tẹ túùbù mọ́lẹ̀, ihò méjì ló sì máa dá sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra pọ́ǹpù tiyín tó ní géèjì.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí à ń rà, ibi tó ti wá sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì wá, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń mú ẹsẹ̀ iwájú. Èyí tó ti Jámánì, Họ́láǹdì tàbí Amẹ́ríkà wá, ọwọ́ òsì ló máa ń mú iwájú. Èmi pààrọ̀ kẹ̀kẹ́, mi ò pààrọ̀ àṣà ọwọ́ mi. Mò ń sọ̀kalẹ̀ láti orí afárá, dáńfó kan dúró gbàgà níwájú mi láti gbé èrò, mo fún èyí tí mo rò pé ó jẹ́ ti ẹ̀yìn mọ́ ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde kúrò nílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni mo fi gba títì, awọ ara mi sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ẹsẹ̀ tó mú. Tí kò bá bá ọwọ́ yín mu, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lè pààrọ̀ wáyà méjèèjì.

Àmọ́ kí ẹ̀rù iwájú má wá sọ yín di ẹni tó ń fi ẹ̀yìn nìkan dúró. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ara yín á wọ́ síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fúyẹ́, kò sì ní lè dá yín dúró bọ̀rọ̀. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, kí ẹ fa ìdí yín sẹ́yìn díẹ̀. Tí bíréèkì bá sì ń han gooro, mo bẹ̀ yín, ẹ má ta ọ́ìlì sí rímù, ibẹ̀ ni bíréèkì ti ń mú.

Ọ́ìlì náà ni à ń ṣì lò lára ṣéènì. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù lára mọ́tò kì í ṣe ti ṣéènì. Lásìkò ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń yún irin jẹ bí ayùn. Ẹ nu ṣéènì gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì fífúyẹ́ sí i lóríkèé-oríkèé, ẹ tún nu ti ìta kúrò. Ẹ fi téèpù káfíńtà wọ̀n ọ́n: láti àárín píìnì ṣéènì kan, ó yẹ kí àárín píìnì mìíràn bọ́ sórí ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Tó bá ti di 12⅛, ó ti pẹ́ jù, ó ti jẹ eyín irin tí ṣéènì ń gùn, ṣéènì tuntun á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Pẹ́dà òsì, òdìkejì ni wọ́n ń yí i kó tó le. L àti R wà lára wọn. Ẹni tó bá fi agbára yí L sí ọ̀nà ti R á ba ihò apá pẹ́dà jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò, ẹ ṣọ́ irin tí wọ́n fi bo gọ́tà. Tí àlàfo rẹ̀ bá lọ síbi tí ẹ̀ ń lọ, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á rì sínú rẹ̀. Tí omi bá sì bo títì tí ẹ ò rí ìsàlẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tì í. Bí ẹ bá délé, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sàmì sí ibi tí ọ̀pá ìjókòó dé, ẹ fà á yọ, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Omi máa ń wà nínú irin tí ọ̀pá ìjókòó wọ̀, ó sì máa ń ṣàn lọ sídìí bẹ́ríǹnì ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Èyí tó jáde nínú tèmi lẹ́yìn òjò oṣù Keje kún ife kan, ó pọ́n bí epo.