Bí mo ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo pápákọ̀ òfurufú ogun ní Uli

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo pápákọ̀ òfurufú Biafra ní Uli, kó yáa mọ̀ pé títì ló ń lọ wò. Apá kan lára ọ̀nà Onitsha sí Owerri ni wọ́n fẹ̀ lójú ogun kí ọkọ̀ òfurufú lè máa bà síbẹ̀, títì náà ló sì tún padà dà. Ẹ má retí ilé gogoro tí ẹ máa dúró tì ya fọ́tò.

Ìbàdàn ni mo gbà. Mọ́tò Onitsha máa ń tètè gbéra ní Ìwó Road, torí náà ó dáa kéèyàn sun Ìbàdàn mọ́jú. Ifẹ̀, Oǹdó, Ọrẹ̀, Benin, Asaba, ẹ ti dé etí odò Ọya nìyẹn. Ẹ sùn síbẹ̀; Uli kì í ṣe ibi tí àlejò ń wọ̀ lálẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ọjọ́ Ajé, nítorí àṣẹ jókòó-sílé tí ẹgbẹ́ IPOB tó ń jà fún Biafra gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021. Agbègbè Ihiala ti rí wàhálà lọ́dún àìpẹ́ yìí, ẹ bi ọmọ ìlú bí nǹkan ṣe rí lọ́sẹ̀ náà gan-an kí ẹ tó gbéra.

Ní Upper Iweka, ní Onitsha, ni mo ti wọ mọ́tò Owerri. Ó máa kọjá Okija àti Ihiala. Ẹ tètè sọ fún dírẹ́bà pé Uli lẹ ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Mgbidi lẹ máa bá ara yín.

Wíwọ̀n ló jẹ́ kí ibẹ̀ yé mi. Ojú ibi tí ọkọ̀ ń bà lé fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 23, ìyẹn bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 30. Ẹ̀bá ọ̀nà ni kí ẹ ti kà á, kí ẹ wá fojú gbé e sórí títì. Tírélà ò mọ ìtàn. Super Constellation wà lára àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń wá síbẹ̀ nígbà ogun, apá rẹ̀ sì ju mítà 37 lọ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Bó bá tiẹ̀ dúró sí àárín gbùngbùn, mítà méje apá rẹ̀ ló máa yọ sórí koríko lọ́tùn-ún, méje lósì. Táyà nìkan ni ọ̀dà gbà. Òru ni wọ́n sì ń ṣe é, nítorí ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ ló ni ojú ọ̀sán. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ balẹ̀ ni wọ́n ń tan iná ojú pápá, wọ́n á sì tún pa á kíákíá, torí ọkọ̀ tó ń ju bọ́ǹbù lè máa yí po lókè.

Ìdí tó fi jẹ́ Uli kan ìlú wa. Enugu ti bọ́ lọ́wọ́ Biafra ní October 1967. Ní May 1968, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Third Marine Commando, tí Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ ọ̀gá wọn gba Port Harcourt. Nígbà tí pápákọ̀ òfurufú ìlú méjèèjì ti bọ́ lọ́wọ́ Biafra, Uli ló wá di ẹnu ọ̀nà pàtàkì tí oúnjẹ àti oògùn ń gbà wọlé láti erékùṣù São Tomé àti Fernando Po (Bioko lónìí). Ibẹ̀ náà ni Ojukwu, olórí Biafra, gbà jáde ní January 1970. Bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá bi yín ní ìlú yín, ẹ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ Adékúnlé ṣí ọ̀rọ̀. Ẹ kí wọn ná, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wá wò, kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ má ya fọ́tò níbi tí ṣọ́jà bá wà.

Ẹ kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí ẹ gba Owerri lọ sí Umuahia, kí ẹ sì sùn síbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ṣí lọ́dún 1985 wà níbẹ̀, ó sì ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké tí ẹ máa rí nínú ọgbà, ìjà ni wọ́n fi jà. Ẹ má rò pé irú wọn ló ń kó iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ wá sí Uli.